Lánlọ́ọ̀dù Wa Gbé Rédíò Wá Fún Ìyá Bátìrì

Ẹ bá mi yọ̀, mo ti ṣẹ́gun lánlọ́ọ̀dù wa l'Ágídìngbì!

Nígbà tí mo gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ omi, pé kí ará ilé máa ju bátìrì àti fóònù tó ti kú sí i, kí n lè kó wọn lọ síléeṣẹ́ tó ń tún wọn lò, ṣe ni Bàbá sọ mí ní Ìyá Bátìrì.

Láàárọ̀ yìí, wọ́n yọ́ wá, wọ́n fa rédíò kan yọ lábẹ́ bùbá.

"Ìyá Bátìrì, ṣé wàá gba rédíò?"

"Ẹ jù ú síbẹ̀, Bàbá."

Wọ́n yọjú wo bọ́kẹ́ẹ̀tì. "Èyí ti kún. Lọ gbé dúrọ́ọ̀mù mi lẹ́yìn ilé."

Dúrọ́ọ̀mù tẹ́nikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn!

Ẹ̀yin ńkọ́, kí ló ti kú tẹ́ ẹ ṣì ń tọ́jú sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì?