Kí Àwọn Kòbókòbó Dúró Níta

Àbúrò bàbá mi, tó tọ́ wa lẹ́yìn ikú bàbá wa, kórìíra ìwà ẹlẹ́yàmẹ̀yà lẹ́nu ju ẹnikẹ́ni lọ ní Ahougnansou, àdúgbò tí à ń gbé nílẹ̀ Baoulé. Bàbá là ń pè wọ́n. Bí tẹlifísọ̀n bá ti ń sọ bí àwọn èèyàn dúdú ṣe jà ní Amẹ́ríkà àti ní Gúúsù Áfíríkà kí wọ́n tó lè bá òyìnbó jókòó nínú bọ́ọ̀sì kan náà, Bàbá á pa gbogbo ilé lẹ́nu mọ́, wọ́n á máa nu ojú. Wọ́n á ní bàbá àwọn gbé àwo oúnjẹ fún òyìnbó ní ilé fàájì kan ní Gánà, níbi tí dúdú ò gbọdọ̀ ti fìdí kan àga. Wọ́n á ṣépè fún òyìnbó, àwa ọmọ á ṣe àmín. Ẹnu dùn-ún ròfọ́.

Àbúrò mi obìnrin wá mú ọkọ wálé. Baoulé ni, olùkọ́ ni, ará Djébonoua. Ilé wa sì ní orúkọ kan ṣoṣo fún gbogbo ẹni tí kò bá gbọ́ Yorùbá: kòbókòbó. Baoulé tó ni ilẹ̀ tí a kọ́lé sí, kòbókòbó. Jùlà tó ń rajà lọ́wọ́ wa, kòbókòbó. Bẹ́ẹ̀ bí wọ́n bá pe àwa ní Anago lọ́jà, à á fajú ro. Ohun kan ṣoṣo tí àbúrò mi ń fẹ́ ni pé kí Bàbá fa òun lé àwọn àna lọ́wọ́, bí baba ṣe ń fa ọmọ. Ó bẹ̀ wọ́n títí, wọ́n gbà pẹ̀lú ìkùnsínú.

Lọ́jọ́ mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́, àwọn àna ru iṣu wá. Àga tìmùtìmù kún pálọ̀, ṣùgbọ́n Bàbá ní kí n to bẹ́ǹṣì síwájú ilé. Létí àwọn àna ni Bàbá ti sọ ọ́ ní Yorùbá pé, "Ẹ jẹ́ kí àwọn kòbókòbó dúró níta. Wọn ò kúkú gbọ́ ohun tí à ń sọ."

Ọkọ ìyàwó dọ̀bálẹ̀. Ó ní, "Ẹ kú ilé o, Bàbá. A gbọ́."

Yorùbá Ògbómọ̀ṣọ́ pọ́nńbélé ni. Àbúrò mi ló kọ́ ọ. Mo rò pé ojú á ti Bàbá. Ojú kì í ti irú wọn. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ọmọ náà ti di tiwa, kó wọlé. Kí bàbá rẹ̀ àti àwọn tó kù máa gba atẹ́gùn níta. Wọ́n rò pé oore làwọn ṣe. Báyìí náà ni òyìnbó ṣe máa ń mú dúdú kan tó gbọ́ èdè rẹ̀ wọlé, á ní ilẹ̀kùn ti ṣí. Ó rí mi lára.

Ọmọkùnrin náà ò wọlé, ẹ̀gbẹ́ bàbá rẹ̀ ló jókòó sí. Àbúrò mi jáde láti yàrá, ó kúnlẹ̀ síwájú bẹ́ǹṣì.

Ó ní, "Bàbá, ìta ńbí ni mo wà. Ẹ wá fà mí lé wọn lọ́wọ́."

Bàbá ò dìde. A dúró títí ó fi sú wa. Èmi ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni mo wá mú ọwọ́ rẹ̀, mo fi lé ti bàbá ọkọ rẹ̀, bó ṣe ń sunkún. Arúgbó náà fi èdè Jùlà, tí gbogbo wa ń sọ lọ́jà, bi mí pé kí ló dé tí baálé ilé ò jáde.

Mo ní ara wọn ò yá. N ò purọ́.