Ìkòkò Òdòdó Ara Ògiri Gúnrégé

Gúnrégé ni gbogbo àdúgbò ń pe bíríkìlà náà, nítorí kò sí ògiri onílé tó bá parí tí kì í fọwọ́ lù pé, "Ó gún régé!" Ògiri iwájú ilé tirẹ̀ nìkan ni kì í lù. Ògiri kúkurú ni, kò ju ìbàdí lọ, orí rẹ̀ sì dà sí apá kan bí àwo ọbẹ̀ tí wọ́n gbé lé orí òkúta. Ó ní ilẹ̀ ló rì. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n látìgbà tó ti kọ́ ọ, ìsọ̀ fọkanáísà tó wà ní òdìkejì ọ̀nà ló ti ń pàdé àwọn oníbàárà.

Àfi ìgbà tí nọ́ọ̀sì kan tó fẹ́ kọ́lé fárígá. Ó ní ilé bíríkìlà gan-an lòun máa bá a. "Ibi tí ẹni ń gbé ni mo fi ń mọ ẹni," ló wí, ó sì dá ọjọ́ Sátidé. Odidi ilé kan ló fẹ́ gbé fún un kọ́. Bí ó bá fojú kan ògiri yẹn, iṣẹ́ ti lọ nìyẹn.

"Ẹ wó o," ni ìyàwó rẹ̀ tó jẹ́ onídìrí wí.

"Kí wọ́n wá gbọ́ pé Gúnrégé ń wó ògiri ara rẹ̀? Ká má rí i!"

Ó lọ kó ìkòkò òdòdó wá, irú àwọn gígùn tí wọ́n ń gbé kọ́ sára ògiri. Bí iṣẹ́ ṣe kọ́ ọ náà ló ṣe é: ó ta okùn tó fi ń wo bí ògiri ṣe gún, ó di ojú kan, ó sì kọ́ wọn lọ gbọọrọ. Ó rìn sẹ́yìn kó wò ó. Yéè! Ìkòkò gún, ògiri wọ́. Lápá kan, ìkòkò wà nísàlẹ̀ orí ògiri. Lápá kejì, ó yọrí jù ú lọ. Ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́ kọjá pàápàá á rí i báyìí.

"Gúnrégé!" ni fọkanáísà ké. "Ṣé òkè ni àwọn ìkòkò yẹn ń gùn ni?"

"Taya ni kó o máa fẹ́ atẹ́gùn sí, fi ọ̀rọ̀ mi sílẹ̀!"

Ìyàwó rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí. "Bàbá wọn, orí tó bá wọ́, ṣé ẹ rí i kí n la irun rẹ̀ láàárín gbùngbùn rí? Ẹ̀gbẹ́ ni mo ń là á sí, màá jẹ́ kó wọ́ sílẹ̀. Ẹ mú okùn yẹn wá."

Ó ki okùn bọ àpò. Ojú lásán ló fi tún ìkòkò kọ́, òmíràn lókè, òmíràn nísàlẹ̀. Ó gbin ewéko tó ń fà sílẹ̀ sí ibi tó ga, ó gbin òdòdó tó ń nàró sí ibi tó rì. Ọkọ rẹ̀ ń kùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bí ẹni tí eyín ń dùn.

Nígbà tó di Sátidé, nọ́ọ̀sì dé. Ó wo ògiri, ó tẹ orí sí ẹ̀gbẹ́ kan.

"Ilẹ̀ ló rì!" ló bọ́ lẹ́nu Gúnrégé.

"Ilẹ̀ wo? Òdòdó ni mo ń wò, Bàbá."

Onídìrí fọwọ́ bojú. Nọ́ọ̀sì ká ewéko sókè, ó yọjú wo abẹ́ rẹ̀, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Ilẹ̀ tèmi náà rọ̀ o. Ṣé tèmi ò ní rì?"

"Màá gbẹ́ ìpìlẹ̀ rẹ̀ jìn," ni Gúnrégé fèsì, ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀. "Ìkánjú ni mo fi kọ́ eléyìí."

"Ó dáa. Ẹ bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé. Ṣùgbọ́n Màmá ló máa to òdòdó tèmi."

Onídìrí fa okùn yọ lápò, ó nà án sí ọkọ rẹ̀. "Ilé ni kẹ́ ẹ fi kọ́ o. Ẹ má gbé e dé ìdí òdòdó."