Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ Arúgbó tí Pare Jí Gbé

Títí dòní, orí mi ṣì ń wú bí mo bá rántí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ Rasimata. Opó ni Rasimata, ẹ̀yà Mọ́sì pọ́ńbélé, inú ọgbà kan náà la jọ ń gbé nílùú Yako. Omi ló ń tà. Àgbá kan lórí kẹ̀kẹ́ ẹrù, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ dúdú kan tó ń fà á, ohun tó fi ń bọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ nìyẹn. Ó tún ní èkejì, abo arúgbó kan tí kì í ṣiṣẹ́ kankan. Mo bi í nígbà kan pé kí ló dé tó ń fi koríko ṣòfò. Ó ní ẹni tó tà wọ́n fún òun ló yarí, ó ní àfi kí òun ra méjèèjì.

Pare, fọganáísà iwájú ilé wa, ẹ̀yà Samo ni tiẹ̀. Mọ́sì àti Samo kì í kíra wọn bí èèyàn gidi. Àwàdà àtayébáyé ni; èébú ni ìkíni wọn, wọ́n á tún máa jí nǹkan ara wọn gbé, ẹnì kan ò sì gbọdọ̀ bínú.

"Ẹrú mi, o ti jí?" Pare á kí Rasimata.

"Ta lẹrú ẹ? Ìwọ tó ń jẹ orí ajá! Lọ fọ ẹnu ẹ kó o tó bá mi sọ̀rọ̀, jàre."

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, a ò rí abo arúgbó náà mọ́. Gbogbo wa mọ ẹni tó mú un lọ sábúlé. Rasimata ń rẹ́rìn-ín, ó ní kí Samo olè máa bá òun bọ́ ọ lọ. Pare náà rò ó dáadáa: èyí tí kò wúlò ló mú, kí àwàdà má baà dí iṣẹ́ lọ́wọ́.

Àfi bí èyí dúdú ṣe bẹ̀rẹ̀ sí ké. Ó ké títí ohùn rẹ̀ fi há. Ó kọ koríko, ó kọ ọkà bàbà, ó kọjú sí ojú ọ̀nà, kò kúrò níbẹ̀. Ẹ̀rù bà wá. Rasimata ránṣẹ́ sí Pare lábúlé pé kó dá arúgbó padà kíákíá. Pare rò pé àwàdà náà ló ń bá lọ. Ó ránṣẹ́ padà pé òun ti fi ṣaya.

Ẹran náà kú. Akọ ẹran tí kò ṣàìsàn rí! Mo figbe ta. Dókítà ẹran ní bí wọ́n ṣe ń ṣe nìyẹn, pé a kì í ya àwọn tó ti mọ́ra wọn lára, ebi ọjọ́ díẹ̀ tó láti pa wọ́n. Ta ló gbọ́ irú ẹ̀ rí?

Ibẹ̀ la wà tí Pare fi fa arúgbó wọlé, tẹ̀rín-tẹ̀rín. "Ẹrú mi, wá gba..." Ojú rẹ̀ bọ́ sára òkú ẹran náà. Arúgbó já mọ́ ọn lọ́wọ́, ó lọ dúró ti òkú náà, ó ń fimú gbọ́ ọ lóòórùn.

A ń retí èébú. Rasimata gbé àga jáde, ó po omi ìyẹ̀fun ọkà bí wọ́n ṣe ń pò ó fún àlejò, ó kúnlẹ̀, ó sì gbé igbá náà fún un.

"Ẹ káàbọ̀, bàbá. Ilé ńkọ́? Àwọn ọmọ yín ńkọ́?"

Pare gbé igbá náà sílẹ̀ láì mu ún. "Rasimata, bú mi. Mo bẹ̀ ẹ́, bú mi."

"Ẹ mu omi, bàbá," ó dá a lóhùn. "Ọ̀nà yín jìn."