Ẹni Tí Barend Rán Wá

Barend Hoekzema kò fẹ́ràn ọtí. Gbogbo wa ní ilé ìpọntí la mọ̀. Bí ó bá fi ẹnu kan jíìnì, ojú rẹ̀ á fún pọ̀ bí ojú ọmọ tí wọ́n fún ní oògùn kíkorò, á wá rọra gbé ife náà sílẹ̀ bí ẹni pé kò sí nǹkan kan. Síbẹ̀, nígbà tó wà lọ́dọ̀ọ́, kò sí ọ̀sán Sátidé kan tí kò sí ní kíláàsì ọtí títọ́wò wa. Ọkọ̀ ojú omi ló ń wà nígbà náà, ó ń kó ọkà bálì wá sí Schiedam, ìlú wa. Á so ọkọ̀ mọ́ etí omi lẹ́yìn ilé wa, á fọ ọwọ́, á fi omi tẹ irun dúdú rẹ̀ mọ́lẹ̀, á sì sanwó wọlé bí àlejò. Nítorí Nel ló ṣe ń wá.

Nel ni olùkọ́ kíláàsì náà. Èmi Toos tí mò ń sọ ìtàn yìí, ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ni mí, òun ló kọ́ mi ní gbogbo ohun tí mo mọ̀, Àǹtí Nel ni mo sì ń pè é títí dòní. Obìnrin kúkúrú ni, ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ, ó sì ní òfin kan tí kò gbà kí ẹnikẹ́ni rú. Bí ó bá gbé ọtí fún ọ kí o gbóòórùn rẹ̀, o kò gbọ́dọ̀ dárúkọ èso tàbí egbò igi tó wà nínú rẹ̀. Á ní, "Mo mọ ohun tí mo kó sínú ìkòkò, kí lo fẹ́ máa kà á fún mi sí? Ohun tó mú ọ rántí ni kó o sọ." Ìgbà náà ni àwọn èèyàn á bẹ̀rẹ̀. Ẹnì kan á ní ilé ìdáná ìyá òun, ẹlòmíràn á ní bàtà tuntun, ẹlòmíràn á ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ òjò.

Nígbà tó kọ́kọ́ kan Barend, ó ti imú bọ ife, ó mí kanlẹ̀, ó ní, "Àǹtí, ká má purọ́, mi ò gbóòórùn nǹkan kan. Ẹ̀yin ni mò ń wò."

Gbogbo ilé hó yèè. Nel ní, "Ẹ wá wo alákọrí yìí! Èèyàn lo sanwó wá wò?"

Ó ní, "Bí owó náà bá kéré, ẹ fi kún un."

Kí ọdún náà tó parí, wọ́n ti di tọkọtaya. Wọn ò ṣe ìnáwó rẹpẹtẹ, wọn ò sì ní ju yàrá méjì lọ lókè ilé alágbẹ̀dẹ, àmọ́ mo ti rí ọ̀pọ̀ ìgbéyàwó olówó tó fọ́ bí àwo lójú mi, tiwọn ò fọ́. Wọ́n bí Hilde, òun nìkan ni wọ́n bí. Barend di arúgbó, Nel náà di arúgbó, èmi jogún kíláàsì náà.

Lẹ́yìn náà ni iyè Nel bẹ̀rẹ̀ sí í rá. Ó kọ́kọ́ jọ ọ̀rọ̀ ẹ̀rín: iyọ̀ nínú tíì, ìwé ìròyìn nínú fíríìjì. Nígbà tó yá, ó ń béèrè ìyá rẹ̀ tó ti kú tipẹ́, kò sì sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kan ó lajú, ó rí bàbá arúgbó kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lórí ibùsùn, ló bá figbe ta. Láti ọjọ́ náà, orí àga ní pálọ̀ ni Barend ń sùn. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Hilde ló fi ẹkún sọ ọ́ fún mi.

Barend ń wẹ̀ ẹ́, ó ń ya irun rẹ̀, ó ń gé oúnjẹ rẹ̀ wẹ́wẹ́. Òun náà ti gbẹ bí igi. Hilde ní ó tó gẹ́ẹ́, ó lọ wá àyè ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó, wọ́n sì ní kí wọ́n mú un wá lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Lọ́sẹ̀ tó ṣáájú Mọ́ńdè náà ni Barend wá bá mi lẹ́nu iṣẹ́, ó ń yí fìlà rẹ̀ lọ́wọ́.

"Toos, mo fẹ́ bẹ̀ ọ́. Jẹ́ kí Nel kọ́ kíláàsì yín ní Sátidé yìí."

"Bùrọ̀dá Barend, Àǹtí Nel tí kò mọ ọ̀nà ilé ìwẹ̀?"

"Imú rẹ̀ ò tíì gbàgbé nǹkan kan. Bí mo bá bó ọsàn, ó máa ń gbójú sókè, á fẹ́ rẹ́rìn-ín. Mo rò pé tó bá gbóòórùn ibí yìí, bóyá ó máa padà wá díẹ̀." Ó wò mí. "Tó bá pe orúkọ mi, Toos, ẹ̀ẹ̀kan péré, tó mọ̀ pé èmi rèé, mi ò ní mú un lọ síbẹ̀ mọ́. Kí Hilde máa bínú."

Inú bí mi. Mi ò fẹ́ràn kéèyàn máa fi ọwọ́ ara rẹ̀ wá ohun tó máa pa á lẹ́kún. Mo ní, "Tí kò bá pè é ńkọ́?"

"A jẹ́ pé mo ti mọ̀ nìyẹn."

Ta ló máa gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yẹn tó máa ní rárá? Mo ní kó mú un wá.

Àwọn tó wá lọ́jọ́ Sátidé náà, òṣìṣẹ́ báǹkì láti Rotterdam ni wọ́n, wọ́n ń ṣe ọjọ́ ìbí ọ̀gá wọn, Wouter, ọ̀gbẹ́ni oníyẹ̀yẹ́ kan báyìí tí ikùn rẹ̀ ń ṣáájú rẹ̀ wọlé. Mo ti gbé wàràkàṣì kalẹ̀, mo ti to ife. Barend di ọwọ́ Nel mú wọlé, ó wọ aṣọ búlúù fún un, ó ya irun rẹ̀ dáadáa. Nel ń wo ilẹ̀ bí ẹni tó ń bẹ̀rù kó má baà ṣubú.

Òórùn ìkòkò bàbà wá lù ú. A ṣẹ̀ṣẹ̀ se ọtí tán láàárọ̀ ni, òórùn èso júnípà tí a fi ń ṣe jíìnì àti ti èèpo ọsàn ṣì gba gbogbo ilé kan. Nel dúró. Ó gbójú sókè. Ẹ̀yìn rẹ̀ tó ti tẹ̀ nà lójú mi, n ò purọ́. Ó já ọwọ́ rẹ̀ gbà lọ́wọ́ Barend, ó lọ mú aṣọ iṣẹ́ mi lórí ìṣó, ó so ó mọ́ ìdí.

"Ta ló to ife báyìí? Toos! Ṣé bí mo ṣe kọ́ ẹ nìyí?"

Ó pe orúkọ mi. Mo yíjú wo Barend, mo rí i tó di etí tábìlì mú gírígírí, ojú rẹ̀ ń tàn bí ojú ọmọdé. Èmi tí ìrètí rẹ̀ ti bí nínú, mo gbàdúrà níbẹ̀ o, mo ní Ọlọ́run, dákun, jẹ́ kó pe tirẹ̀ náà.

Nel kọ́ kíláàsì lọ́jọ́ náà bí ẹni pé kò kúrò níbẹ̀ rí. Ó rọ ọtí sínú ife títí ó fi kún dé etí, ẹ̀kán ọtí kan ò dà. Wouter na ọwọ́ sí tirẹ̀, Nel sì gbá a lọ́wọ́.

"Gbọ́wọ́ kúrò! Ọwọ́ sẹ́yìn! Ìwọ lo máa tẹrí ba fún un, ṣé òun ló máa wá bá ẹ ni?"

"Màámá, ẹ̀yìn ń dùn mí."

"Ẹnu ò kúkú dùn ẹ́. Bẹ̀rẹ̀!"

Àwọn ọmọ báǹkì rẹ́rìn-ín títí. Gbogbo wọn fi ọwọ́ sẹ́yìn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n sì fi ètè fa ọtí náà, bí a ṣe ń mu ife tó kún dé etí níbí. Ó wá ń bi wọ́n léèrè lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó kan Wouter, ó kọ́kọ́ fẹ́ ṣe yẹ̀yẹ́, ó tún gbóòórùn ọtí náà, ojú rẹ̀ yí padà. Ó ní, "Ṣọ́ọ̀bù tí bàbá mi ti ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe." Nel mi orí, ó ní, "Ìyẹn dáa," ó sì fi í sílẹ̀.

Barend ló jókòó sí ìparí bẹ́ńṣì. Nel dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó rọ ọtí kún ife rẹ̀, ó sì tẹjú mọ́ ọn.

"Ẹ̀yin ńkọ́, bàbá? Kí ló mú yín rántí?"

Barend gbójú sókè wò ó. Ó ní, "Ìyàwó mi."

"Áà, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ṣé ó ti kú ni?"

"Rárá. Ó wà."

"Ẹ máa tọ́jú rẹ̀ o." Nel rẹ́rìn-ín músẹ́, ó wá fara ti tábìlì bí ẹni tó fẹ́ ṣòfófó. "Ọkọ tèmi ò lè gbóòórùn nǹkan kan ní tiẹ̀. Ẹwà lásán ni imú rẹ̀ wà fún. Barend lorúkọ rẹ̀, Barend Hoekzema. Ọkùnrin gíga, irun rẹ̀ dúdú bí èédú. Bí mo ṣe ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí, ó ti ń dúró dè mí lórí afárá."

Òótọ́ ni nígbà kan rí. Látìgbà tí wọ́n ti fẹ́ra wọn ni Barend kì í wọ kíláàsì mọ́, orí afárá níwájú ilé wa ló ti máa ń dúró dè é lálaalẹ́. Orúkọ tó wá gbọ́ náà, ó gbọ́ ọ. Ojú rẹ̀ kòrókòró ni Nel ń wò nígbà tó ń pè é.

Mi ò lè mú un mọ́ra. Mo ní, "Àǹtí Nel, ẹ wò ó dáadáa! Barend nìyí! Barend yín nìyí!"

Nel wò mí, ó wò ó. Ẹ̀rù bà á. "Ọkọ mi kì í ṣe arúgbó. Ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, kí ni mo ṣe fún yín?" Ó fà sẹ́yìn, ó gbá ìgò ọtí náà mọ́ra.

Barend ní, "Toos, jọ̀ọ́, dákẹ́." Ó yíjú sí ìyàwó rẹ̀, ó sì sọ ọ́ jẹ́jẹ́ pé, "Ẹ má dá a lóhùn, màámá. Mi ò jọ ọ́ rárá."

Ó fi ọwọ́ sẹ́yìn, ó bẹ̀rẹ̀, ó fa ọtí tí kò fẹ́ràn náà, ó dé fìlà rẹ̀, ó sì jáde. Láti ojú fèrèsé mo rí i tó lọ dúró lórí afárá nínú òjò winniwinni. Mo mọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀. Bóyá tó bá dúró síbi tí Barend máa ń dúró, Nel á rí Barend níbẹ̀. Ó tún irun ẹ̀bá etí rẹ̀ ṣe. Mo fẹ́ pariwo, kò sẹ́ni tí mo fẹ́ pariwo mọ́.

Nígbà tí kíláàsì parí, Nel wọ kóòtù rẹ̀, ó ń kánjú, ó ní ọkọ òun ò fẹ́ràn kí òun pẹ́. Mo mú un dé orí afárá. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó wá lọ bá arúgbó tó dúró níbẹ̀.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ò rí ọkọ mi níbí? Ibí yìí ló máa ń wà."

Barend la ẹnu. Mo rí "èmi nìyí" lórí ètè rẹ̀. Ó gbé e mì.

"Mo rí i. Iṣẹ́ ló dá a dúró. Òun ló rán mi wá pé kí n mú yín délé."

Nel pòṣé. "Iṣẹ́, iṣẹ́, iṣẹ́! Ọkùnrin yẹn á pa mí." Ó wá fi ọwọ́ kọ́ apá rẹ̀. Wọ́n ń lọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ létí omi, ó ń ro ẹjọ́ Barend fún Barend, òun náà ń dáhùn pé, "Ẹ ṣe sùúrù fún un, ọ̀rọ̀ yín ń jẹ ẹ́ lọ́kàn." Mo sunkún lórí afárá náà láìbojú wo ẹni tó ń kọjá.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, Hilde ló wa ọkọ̀, èmi náà bá wọn lọ. Lẹ́nu ọ̀nà ilé ìtọ́jú náà, nọ́ọ̀sì kan jáde wá, ó di Nel lọ́wọ́ mú. Kí wọ́n tó wọlé, Nel yíjú padà sí ọkọ rẹ̀.

"Ẹ ṣé o, bàbá. Èèyàn dáadáa ni yín. Ẹ bá mi sọ fún Barend pé kó má pẹ́ o. Mi ò lè sùn tí kò bá sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi."

Barend ní, "Màá sọ fún un."