Fáànù Abẹ́ Agbádá

Ooru kì í bá mi ṣeré. Láti kékeré ni mo ti ń làágùn bí ẹni tó ń gún iyán, kódà nínú òjò. Nígbà tí owó epo ń ya wọlé, tí gbogbo ará Ìsọlọ̀ ń ra ohun tó ń kọrin àti ohun tó ń yí, èmi ni mo ń bá wọn tún un ṣe, nínú ṣọ́ọ̀bù pákó kan lẹ́bàá ọjà Aswani.

Iṣẹ́ yìí gan-an ló fẹ́ gba ìyàwó lọ́wọ́ mi. Akọ̀wé ọ́fíìsì ni bàbá ọmọbìnrin tí mò ń fẹ́, ilé wọn wà ní Ire-Akari, bàbá náà sì ń kọrin nínú kwáyà ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ti sọ fọ́mọ rẹ̀ pé òun ò ní fi í fún ẹni tó ń tú nǹkan onínǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí wọnú eegun, nítorí mo fẹ́ràn ọmọ yẹn ju bí mo ṣe lè sọ lọ.

Agbádá sányán ni àbúrò bàbá mi yá mi lọ́jọ́ tí a máa lọ fojú hàn wọ́n. Ó wúwo bí àpò ìrẹsì. Mo mọ̀ pé tí òógùn bá bò mí, bàbá ọmọbìnrin náà á ní ojú òpùrọ́ ni mo ní.

Fáànù kékeré oníbàtírì kan wà ní ṣọ́ọ̀bù, irú èyí tí wọ́n ń fọwọ́ mú. Oníbàárà tó gbé e wá ti gbàgbé rẹ̀ lọ́dọ̀ mi. Mo gé ọwọ́ fáànù náà kúrò, mo to bàtírì tọ́ọ̀ṣì mẹ́rin sínú agolo mílíìkì, mo sì fi rọ́bà so agolo náà mọ́ ìbàdí mi. Mo fi okùn wáyà so ó pọ̀ mọ́ fáànù, mo sì gbé fáànù kọ́ sí àyà, kó máa fẹ́ sí mi lágbọ̀n. Bọ́tìnnì aago ẹnu ọ̀nà ni mo fi ṣe síwíìsì rẹ̀: tí mo bá tẹ̀ ẹ́, á fẹ́, tí mo bá fi í sílẹ̀, á dákẹ́. Mo dán an wò lórí ìdúró, mo dán an wò lórí ìjókòó, mo rìn dé kànga, mo padà. Inú mi dùn. Ohun kan ṣoṣo tí n kò dán wò ni ohun tí gbogbo ọkọ ìyàwó ń kọ́kọ́ ṣe.

Nígbà tí a débẹ̀, wọ́n ní ká jókòó, bàbá ń bọ̀. Iná ti lọ, gbogbo ènìyàn ń fi ìwé ìròyìn fẹ́ra. Èmi rọra ń tẹ àyà mi bí ẹni ń tún aṣọ ṣe, ara mi tutù nini.

Bàbá jáde. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

Bọ́tìnnì wọlé, kò jáde mọ́. Fáànù pariwo, ó gbá agbádá mú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ká a mọ́ mi lọ́rùn.

“Ó tó, dìde,” ni bàbá wí.

Mi ò dìde.

“Mo ní ó tó.”

“Ẹ má bínú sà, mi ò lè dìde.”

Òórùn rọ́bà tó ń jó ti gba pálọ̀. Àbúrò bàbá mi àti ẹnìkan nínú àwọn ará ilé ọ̀hún ló yí mi padà bí ẹni ń yí iṣu lórí iná, kí ariwo náà tó dákẹ́. Ojú tì mí débi pé mo fẹ́ kí ilẹ̀ lanu. Mo ti rò pé ìyàwó ti lọ.

Bàbá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi okùn náà fa fáànù jáde. “Ta ló ṣe èyí?”

“Èmi ni sà.”

Ó tú aṣọ kúrò lára fáànù, ó gbé e sábẹ́ àgbọ̀n ara rẹ̀, ó tẹ bọ́tìnnì. Ó di ojú. Ó pẹ́ kó tó là á.

“Ẹ jókòó,” ló sọ fún àwọn ẹbí mi, “ká mú ọjọ́ ìdána.”

Nígbà tí a ń lọ, ó tẹ̀lé mi dé géètì, ó rẹ ohùn sílẹ̀. “Ṣé o lè ṣe irú ẹ̀ sábẹ́ aṣọ kwáyà mi?”

“Mo lè ṣe é, sà. Ṣùgbọ́n ẹ ṣáà rí ohun tó ṣe mí.”

“Mo ti rò ó,” ni àna mi wí. “Ní ṣọ́ọ̀ṣì tiwa, ìkúnlẹ̀ nìkan là ń kúnlẹ̀.”