Èèkàn Bàbà Tí Wọ́n Kàn Mọ́ Ẹnu Lugirizal

Láyé àtijọ́, kò sí ọmọ ilé-ìwé kan ní ìlú Girsu tí ẹ̀yìn rẹ̀ kò mọ pàṣán Lugirizal, olùkọ́ wọn. Àmì ìkọ̀wé kan ló máa ń torí rẹ̀ nà wọ́n jù: orí èèyàn tí a fa ìlà sí lẹ́nu. Àmì kan ṣoṣo ni, àmọ́ bí a bá pè é ní *ka*, ẹnu ni. Bí a bá pè é ní *zu*, eyín ni. *Inim*, ọ̀rọ̀ ni. Ẹni tó bá gbàgbé ọ̀kan, ẹ̀jẹ̀ ni yóò fi rántí rẹ̀. Òǹrorò ni, ẹ má jẹ́ ká purọ́.

Lọ́dún tí omi odò kò dé oko, ebi mú kí ó ta Ninkala, ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo, fún Urmesh apọntí. Ó búra níwájú àwọn àgbà bí gbogbo ẹni tó ń tajà ṣe ń búra: bí òun bá tún sọ̀rọ̀ lórí ọjà náà, kí wọ́n kan èèkàn bàbà mọ́ òun lẹ́nu.

Kò pẹ́ tó fi pàdé ọmọ náà létí odò, tí apá rẹ̀ ń fì dirodiro. Urmesh ti fi ọmọ ọlọ fọ́ ọ nítorí ọkà tó dà nù.

“Bàbá, ẹ má sọ nǹkan kan o. Wọ́n á pa yín.”

Inú bí Lugirizal gidigidi. Ó fi irùngbọ̀n wọ́ Urmesh dé iwájú àwọn àgbà, ó ń gbá a létí bí wọ́n ṣe ń lọ.

“Tíṣà, ṣé eyín ń yọ ẹ́ lẹ́nu ni?” Urmesh tutọ́ ẹ̀jẹ̀. “Àbí o ti gbàgbé èèkàn?”

“Mi ò gbàgbé. Ẹ gbé e wá. Àmọ́ ẹ jẹ́ n sọ̀rọ̀ mi tán ná.”

Ó sọ ọ́ tán. Àwọn àgbà wo apá Ninkala, wọ́n sì gba ọmọ náà lọ́wọ́ Urmesh.

“Èèkàn mi ńkọ́?” Urmesh pariwo.

Ìbúra kò ṣeé kó jẹ. Wọ́n dá Lugirizal dùbúlẹ̀. Ọmọ ilé-ìwé kan tó ti nà rí ló mú òòlù.

“Ẹ forí jì mí, Tíṣà.”

“Kàn án dáadáa, ọ̀lẹ!”

Eyín rẹ̀ fọ́ yángá, ẹ̀jẹ̀ bo ojú rẹ̀.

Nígbà tí egbò náà jinná, ó padà sílé-ìwé pẹ̀lú Ninkala. Ó tẹ àmì náà sínú amọ̀. Ọmọ kan kà á: ẹnu, eyín. Ó gbàgbé ìkẹta, ó sì ti fi ọwọ́ bo orí.

Lugirizal kò mú pàṣán. Ó fọwọ́ kan àpá ẹnu rẹ̀, ó sì nàka sí Ninkala.

“Ọ̀rọ̀,” ni ọmọ tó gbàgbé náà wí.