Ẹ̀wà Inú Kọ́bọ́ọ̀dù

Òórùn ẹ̀wà tó ti rẹ sínú òwú tútù kì í ṣe òórùn dídùn. Ó máa ń kan díẹ̀, ó sì fara jọ òórùn ilẹ̀ lẹ́yìn òjò. Sátidé kan báyìí, mo ṣílẹ̀kùn yàrá tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Humble, ìlú kan nítòsí Houston l'Amẹ́ríkà, ní sáyẹ́ǹsì, òórùn yẹn ló kọ́kọ́ pàdé mi, ó sì gbé mi padà sí ẹ̀yìnkùlé ìyá àgbà ní Ìbàdàn.

Èmi àti Bùnmi la jọ dàgbà níbẹ̀. Ọmọ àbúrò màmá mi ni, àmọ́ orí ẹní kan náà la ń sùn, inú àwo kan náà la sì ń jẹun. Àwọn òbí mi ti wà ní Houston nígbà yẹn. Bí ìyá àgbà bá ń ṣa ẹ̀wà, a ó jí hóró díẹ̀, a ó gbìn ín sínú òwú nínú agolo mílíìkì, a ó sì máa jà lórí ti ẹni tí yóò kọ́kọ́ yọ. Bùnmi a máa bá tirẹ̀ wí bí ẹni ń bá ọ̀lẹ wí: "Dìde ńlẹ̀, ojúmọ́ ti mọ́!" Tèmi kì í sábà yọ, torí pé mo máa ń hú u jáde wò bóyá ó ti ń ṣe nǹkan.

Lẹ́yìn náà, àwọn òbí mi ránṣẹ́ pè mí. Èmi nìkan. Mi ò lè sọ pé ẹnikẹ́ni jẹ̀bi. Èmi ni ọmọ wọn. Ohun tí mo lè fọwọ́ sọ̀yà nípa rẹ̀ ni pé Bùnmi ló bá mi di ẹrù mi, ó sì ń kọrin bó ṣe ń dì í.

Ní kíláàsì karùn-ún ní Houston, olùkọ́ wa, obìnrin kan tí ohùn rẹ̀ kì í ga, ní kí kálukú gbin hóró ẹ̀wà méjì láti inú àpò kan náà, kí omi wọn dọ́gba. Ọ̀kan á wà lójú fèrèsé, èkejì á wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Ìmọ́lẹ̀ nìkan ló gbọ́dọ̀ yàtọ̀. Àwọn yòókù ń rẹ́rìn-ín. Èmi ò lè rẹ́rìn-ín, torí mo mọ̀ pé, nínú èmi àti Bùnmi, ojú fèrèsé ni èmi wà.

Nígbà tí a ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, èyí tó wà níbẹ̀ kò kú. Ó tilẹ̀ ga ju èkejì lọ! Ó tẹ́ẹ́rẹ́ bí okùn, àwọ̀ rẹ̀ sì rí rẹ́súrẹ́sú. Àwọn ọmọ pariwo pé òun ló borí. Olùkọ́ wa mi orí, ó ní: "Kò borí o. Ìmọ́lẹ̀ ló ń wá."

Láti ìgbà náà, bí ìròyìn bá dé pé Bùnmi ló gba ipò kìíní, tí màmá mi sì sọ pé, "Ẹ ò rí i? Ara ọmọ yẹn le, kò sí ohun tó ṣe é," ẹ̀wà gíga yẹn ni mo máa ń rí. Bí wọ́n bá gbé fóònù fún mi kí n bá a sọ̀rọ̀, mo máa ń sọ pé iṣẹ́ àṣetiléwá wà níwájú mi. Kí ni mo fẹ́ sọ fún un tí kò ní jọ ìyangàn? Nígbà tó yá, ọ̀rọ̀ wa kò ju ìkíni ọjọ́ ìbí lọ.

Lọ́jọ́ Sátidé tí mo ń wí, àwọn ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì náà ṣí kọ́bọ́ọ̀dù tiwọn. Ṣadé, ọ̀kan nínú wọn, tẹjú mọ́ ewéko rẹ́súrẹ́sú náà. Ó ní, "Anti, ṣé kò bínú sí yín báyìí?"

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dá a lóhùn pé, "Ẹ̀wà kì í bínú, jàre! Inú ẹni tó bá jẹ ẹ́ ló máa ń dà rú."

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Kí n tó wa mọ́tò kúrò níwájú ṣọ́ọ̀ṣì, mo pe Bùnmi. Mo sọ ọ̀rọ̀ ẹ̀wà méjèèjì fún un láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́.

"Ìwọ yìí! Ta ló sọ fún ẹ pé inú kọ́bọ́ọ̀dù ni mo wà? Oòrùn tó wà n'Ìbàdàn, wá kó o!" Ohùn rẹ̀ wá rẹlẹ̀. "Pé wọn ò mú mi lọ, ìyẹn ti tán nínú mi. Ọmọdé nìwọ náà. Àmọ́ o ò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́. Mo rò pé mo ṣẹ̀ ẹ́ ni."

Mo sọ fún un pé, "Má bínú." Gbogbo ọdún tí mo fi ń wọn ẹ̀bi mi, ohun tí agbára mi ò ká ni mo ń wọ̀n. Bẹ́ẹ̀ fóònù tí mo lè fi pè é wà lọ́wọ́ mi.

Ìyá àgbà ti lọ, ife ike sì ti rọ́pò agolo mílíìkì, ṣùgbọ́n bí ẹ̀wà ṣe ń hù kò yí padà. A gbé ti inú kọ́bọ́ọ̀dù sójú fèrèsé. Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, ewé rẹ̀ ti tutù yọ̀yọ̀. Igi rẹ̀ ṣì tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì ṣì gùn jù. Mi ò rò pé ìyẹn yóò yí padà. Ṣadé fi pẹ́ńsù tì í kó má baà ṣubú.

Mo ya fọ́tò rẹ̀, mo fi ránṣẹ́ sí Bùnmi. Èsì rẹ̀ dé kí n tó gbé fóònù sílẹ̀:

"Má tún hú u jáde wò o."